Àwọn ọmọ ológbò tí ẹ rí láàárín ìtì igi: ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Etí igbó Eifel ní Jámánì ni ìdílé mi ń gbé. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a rìn wọ inú igbó, àwọn ọmọ mi sì rí ọmọ ológbò mẹ́ta láàárín ìtì igi tí wọ́n kó jọ sẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n nílà lára bíi ti ológbò aládùúgbò wa. A ò rí ìyá wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ń ké. Àwọn ọmọ ní ká gbé wọn wálé ká fún wọn ní wàrà. Ọkọ mi ní rárá, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ológbò igbó. Ṣé òótọ́ ni pé ológbò igbó wà níbí? Báwo la ṣe ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ti ilé, ṣé ó sì lè ṣe àwọn ọmọ ní jàǹbá? Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ìyá wa. Ọkọ yín ló jàre. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbi tí wọ́n wà. Bó bá ṣe pé ẹ ti gbé wọn wálé kí èsì yìí tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ ka ìsàlẹ̀ níbi tí mo ti sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, kẹ́ẹ tó padà wá ka ìyókù, nítorí bí wọ́n bá ṣe pẹ́ sí lọ́wọ́ èèyàn ni ọ̀rọ̀ wọn ń le sí i.

Ológbò igbó wà ní Eifel dáadáa. Eifel àti àwọn igbó bíi Hunsrück àti Pfälzerwald wà lára ibi tó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù ní àárín gbùngbùn Yúróòpù. Ó wà ní òkè Harz, ó sì wà ní Hainich ní ìpínlẹ̀ Thüringen. Láyé àtijọ́, ńṣe ni àwọn ọdẹ ń yìnbọn pa á tí wọ́n sì ń dẹ pàkúté fún un, nítorí wọ́n gbà pé ẹran tí àwọn ì bá pa ló ń pa jẹ. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi máa bẹ̀rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Jámánì. Àwọn tó kù sá sí àwọn igbó orí òkè tí ẹsẹ̀ èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń padà bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí òfin gbà wọ́n lọ́wọ́ ìbọn. Ní 2018, àjọ Deutsche Wildtier Stiftung fi oyè ẹranko igbó ọdún náà dá a lọ́lá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti dàgbà dàrúgbó létí igbó kò fojú kàn án rí, tàbí kí wọ́n ti rí i kí wọ́n sì rò pé ológbò ará àdúgbò ló ń ṣeré kiri.

Ohun tó sábà máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú nìyẹn. Ológbò igbó kì í ṣe ológbò ilé tó sá wọ igbó. Ìran ọ̀tọ̀ ni. Ológbò tí aládùúgbò yín ń sìn, ìran ológbò igbó ti Áfíríkà àti Àárín Ìlà-oòrùn Ayé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Felis lybica ló ti wá. Àwọn tó sún mọ́ oko àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ nítorí eku tó wà nínú ọkà ni èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú mọ́ra. Ní erékùṣù Cyprus, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ibojì kan tó ti tó nǹkan bí 9,500 ọdún, wọ́n bá ológbò tí wọ́n sin sí ẹ̀gbẹ́ èèyàn níbẹ̀. Ológbò igbó ti Yúróòpù, Felis silvestris, kò bá wọn dá irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀ rí. Inú igbó ló wà kí ológbò ilé tó tẹ̀lé àwọn ará Róòmù tàn ká Yúróòpù ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, inú igbó náà ló sì wà títí di òní. Àwọn onímọ̀ tó yẹ egungun àtijọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ìsinsìnyí wò tẹ èsì wọn jáde ní 2023. Wọ́n rí i pé nínú gbogbo àkókò gígùn yẹn tí ìran méjèèjì fi jọ ń gbé nítòsí ara wọn, ẹ̀jẹ̀ tó ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan wọ inú èkejì kò tó nǹkan. Wọ́n ń ríra, wọn kì í sábà bára wọn ṣe.

Àpẹẹrẹ ara wọn pàápàá sọ bẹ́ẹ̀. Àyè tí ọpọlọ wà nínú agbárí ológbò igbó fẹ̀ ju ti ológbò ilé lọ, ìfun rẹ̀ sì kúrú jù ú lọ, nítorí ẹran nìkan ló ń jẹ láti ìran dé ìran, nígbà tí ológbò ilé ti ń jẹ àjẹkù èèyàn tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí ìfun rẹ̀ nínú igbó, ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun tójú lè rí.

Ìrù rẹ̀ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ wò. Ìrù ológbò igbó tó ti dàgbà nípọn, irun bò ó bámúbámú, ìpẹ̀kun rẹ̀ kò sì ṣóńṣó. Ńṣe ló rí rọ̀bọ̀tọ̀ bíi pé wọ́n gé e, ó sì dúdú kirimú. Kí ojú yín tó dé ibi tó dúdú yẹn, ẹ máa rí òrùka dúdú méjì tàbí mẹ́ta tó yí ìrù náà po, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró láìfara kan èkejì. Ẹ wá tọ ilà dúdú tó gba àárín ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Lára ológbò igbó, ibi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀ ni ilà yẹn ti ń dópin. Lára ológbò ilé tó nílà, ó sábà máa ń bá ìrù lọ, á so àwọn òrùka ibẹ̀ pọ̀ mọ́ra, ìrù náà á sì tín-ín-rín lọ sí ìpẹ̀kun. Bí ẹnikẹ́ni bá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, ibi ìpàdé ẹ̀yìn àti ìrù yìí ni mo máa ń fẹ̀ sí i kí n tó wo ojú ẹranko náà rárá. Ìyókù ara rẹ̀ kì í pe ojú. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tí a po mọ́ iyẹ̀pẹ̀, ilà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe bàìbàì, bíi mẹ́rin nínú ilà tó hàn dáadáa ló gba ìpakọ́ rẹ̀ wá sí ọrùn. Imú rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì sábà máa ń ní àmì funfun kékeré lábẹ́ ọ̀fun. Nígbà òtútù, irun rẹ̀ máa ń ki débi pé èèyàn á ní ó fi ìlọ́po méjì ju ológbò ilé lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, akọ rẹ̀ kì í sábà ju kìlógírámù 5 lọ púpọ̀, abo rẹ̀ sì máa ń wà ní nǹkan bíi 4. Mo mọ ológbò ilé tó sanra ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo àmì tí mo ka sílẹ̀ yìí kò wúlò tó fún ọ̀rọ̀ yín, ìdí sì nìyí. Ìrù ọmọ ológbò igbó kò tíì nípọn. Ó tín-ín-rín, ó ṣóńṣó lẹ́nu, ilà ara rẹ̀ sì hàn ketekete ju ti ìyá rẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bíi ti ọmọ ológbò ilé tó nílà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú igbó ṣe ń ṣèèṣì gbé wọn lọ́dọọdún ní Jámánì nígbà ìrúwé. Àánú ló ṣe wọ́n, wọ́n sì rò pé ẹnì kan ló wá da ọmọ ológbò nù. Kódà ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ìgbà pípẹ́ kò lè fi ojú lásán búra lórí ọmọ ológbò ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta. Àyẹ̀wò DNA ló ń yanjú rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ ológbò tó nílà bá wà nínú igbó tó jìn sílé ní Eifel, ẹ kà á sí ológbò igbó títí ẹni tó mọ̀ yóò fi sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìyá tí ẹ ò rí: ó ṣeé ṣe kó ti rí yín. Abo ológbò igbó nìkan ló ń tọ́ ọmọ. Akọ kì í bá a gbé, kì í gbé oúnjẹ wá. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta ni wọ́n sábà máa ń gùn, oyún á lo nǹkan bí ọjọ́ 65, kó tó bí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Bí wọ́n bá ṣe bí wọn, ojú wọn ṣì dì, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó là. Ìyá á wá ibi gbígbẹ tí atẹ́gùn ò ti ní fẹ́ wọn: ihò ara igi, abẹ́ gbòǹgbò igi tí ìjì fà tu, ihò àpáta, ahéré tí àwọn ọdẹ pa tì, àti, bí ẹ ṣe rí i yẹn, àárín ìtì igi tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó tò jọ. Lójú rẹ̀, òkìtì ìtì igi dára púpọ̀. Ó gbẹ, àlàfo rẹ̀ há débi pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ò lè wọ̀ ọ́, eku sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Aburú tó wà níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ akẹ́gi lè wá kó igi náà nígbàkigbà. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá kó o, ẹ tètè sọ fún ọ̀gá tó ń bójú tó igbó náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Förster. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń gbà láti fi òkìtì náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Ẹ wo iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ìyá yẹn. Eku pápá kan kì í ju gírámù 20 sí 40 lọ. Ológbò igbó kan lè jẹ mẹ́wàá lóòjọ́ láìtíì mú ti ọmọ kúrò. Abo tó ń fún ọmọ mẹ́rin lọ́mú gbọ́dọ̀ wá eku ṣáá ni, kì í sì í ṣe pé ó ń lé wọn kiri. Á lọ sí etí igbó níbi tí koríko ti pàdé igi, á jókòó, á dákẹ́, etí ló fi ń ṣọdẹ. Etí méjèèjì á máa yí lọ yí bọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́nà tirẹ̀, títí tí á fi mọ ibi tí eku ti ń rìn nísàlẹ̀ koríko tí ojú ò lè rí. Nígbà náà ló máa ń fò sókè, á fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì dì í mọ́lẹ̀, á sì ge é jẹ lẹ́yìn ọrùn. Bí kò bá bà á, á tún jókòó. Ìdí nìyẹn tó fi lè pẹ́ ní wákàtí mélòó kan kó tó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Bó bá wá padà tó gbọ́ ohùn èèyàn, á dúró sínú igbó, kò ní jáde wá títí ẹ ó fi lọ. Bí ẹ bá dúró níbẹ̀ láti wò ó bóyá ìyá máa dé, ẹ̀yin gan-an lẹ ń dí i lọ́nà.

Ohun mìíràn tún lè ṣẹlẹ̀. Bí nǹkan bá dẹ́rù bà á níbi kan, á kó àwọn ọmọ lọ síbòmíràn, á fi ẹnu gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá débẹ̀ nígbà tó ti gbé méjì lọ tó ku ọ̀kan, ọ̀kan yẹn á máa ké, gbogbo ayé á sì rò pé wọ́n ti já a jù sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí èyí tí ẹ gbọ́ igbe rẹ̀ kàn máa pe ìyá rẹ̀ ni.

Ẹ béèrè bóyá ó lè ṣe àwọn ọmọ ní jàǹbá. Kì í kọ lu èèyàn. Tó bá gbóòórùn yín, á ti lọ. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ki ọwọ́ bọ inú ìtẹ́ rẹ̀, kódà ọmọ rẹ̀ tí kò tíì tó nǹkan á fọn, á tutọ́, á ya ọwọ́ náà, eyín ológbò sì máa ń fa egbò tó ń kẹ̀. Bó bá ti bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kẹ́ẹ sì rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ní ti àrùn dìgbòlugi, láti 2008 ni wọ́n ti kéde pé ó ti kúrò lára ẹranko orí ilẹ̀ ní Jámánì.

Ẹni tó bá rò pé òun lè fi ìfẹ́ sọ ọ́ di ológbò ilé ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ó lè gba ìgò wàrà lọ́wọ́ yín nígbà tó wà lọ́mọ, àmọ́ kó tó pé oṣù mélòó kan, ìwà igbó tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á yọ. Á máa sá pamọ́, á máa kọ lu ẹni tó bá sún mọ́ ọn, ilé á há mọ́ ọn. Nígbà tó bá pé ọmọ oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà ló yẹ kó ti kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kó sì ní ilẹ̀ tirẹ̀, ilẹ̀ tí abo kan ń lò sì lè tó kìlómítà onígun mẹ́rin 3 sí 10, ti akọ lè ju 20 lọ. Ẹ wá fi ìyẹn wé yàrá ìgbàlejò. Èyí tó bá ti mọ́ èèyàn jù nígbà èwe, ó lè má ṣeé dá padà sígbó mọ́, inú ọgbà ẹranko ni á ti lo ìgbésí ayé rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọmọ kan tí a bá gbé kúrò kì í ṣe ọmọ kan lásán. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Scotland. Níbẹ̀, ìbọn, pàkúté àti igbó tí wọ́n gé dín ológbò igbó kù títí èyí tó kù kò fi rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Akọ tó wá abo títí tí kò rí, ológbò ilé tó ń jẹ̀ kiri ló bá pàdé. Ìgbà tí iye wọn ti kéré jù ni ohun tí wọn ò ṣe fún ẹgbẹ̀rún ọdún méjì bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì dà rú. Ní 2019, àwọn amòye tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò sọ pé iye ológbò igbó tó kù nínú igbó Scotland kò lè dá ara rẹ̀ gbé ró mọ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí wọn nínú ọgbà ní Highland Wildlife Park, wọ́n sì tú 19 àkọ́kọ́ sílẹ̀ sí òkè Cairngorms ní 2023. Nígbà tó di 2024, wọ́n rí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú igbó. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an, ṣùgbọ́n owó àti wàhálà tó lọ sí i pọ̀ ju fífi òkìtì igi kan sílẹ̀ lọ. Ní Eifel, àdàlù ẹ̀jẹ̀ ṣì kéré. Ohun tó dáàbò bò wọ́n ni pé wọ́n pọ̀ tó láti rí ara wọn.

Ọkọ̀ ló ń pa wọ́n jù báyìí. Lójú ọ̀nà A60 tó gba àgbègbè yín, wọ́n ṣe irú ògiri wáyà kan tí ojú rẹ̀ kéré, tí òkè rẹ̀ tẹ̀ síta kí ológbò má lè gùn ún kọjá. Níbi tó wà, iye àwọn tí ọkọ̀ ń pa fi ohun tó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin dín kù. Ní ìhà Hainich, àjọ BUND, tó ń dáàbò bo àyíká ní Jámánì, gbin igi àti igbó ṣúúrú sórí ilẹ̀ oko ní 2007, kí àwọn ológbò igbó lè gba ibẹ̀ dé igbó Thüringen láìfi ara hàn, nítorí ológbò igbó kórìíra kó máa rìn ní gbangba.

Bí wọ́n ṣe ń ka iye wọn yóò dùn mọ́ àwọn ọmọ yín. Wọ́n máa ń ri igi pákó tí ojú rẹ̀ ṣe hàràhàrà mọ́lẹ̀ nígbà òtútù, wọ́n á fín oje gbòǹgbò valerian sí i, èyí tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Baldrian. Ológbò fẹ́ràn òórùn rẹ̀, pàápàá ní àsìkò tí wọ́n ń gùn. Á wá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn ha ara mọ́ pákó náà, irun mélòó kan á sì há sí i. Wọ́n á fi ẹ̀mú kékeré mú irun náà sínú àpò, á lọ sí ilé àyẹ̀wò Senckenberg ní Gelnhausen, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀ bóyá ti igbó ni, bóyá akọ ni àbí abo, àti bóyá òun náà ló wá lọ́dún tó kọjá.

Ó kù sórí ohun tó yẹ kẹ́ẹ ṣe. Ẹ má padà lọ wò wọ́n nítorí àtimọ̀ lásán, ẹ má sì gbé oúnjẹ tàbí wàrà síbẹ̀: wàrà màlúù máa ń da inú ọmọ ológbò rú, oúnjẹ á sì fa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wá. Bí ajá bá wà nílé, ẹ fi okùn mú un ní apá ibẹ̀ títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á fi parí. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti rí ọ̀kan tó fara pa, tàbí tí ìyá wọn kú sẹ́bàá títì, ẹ má fọwọ́ kàn án ná. Ẹ pe Untere Naturschutzbehörde ti àgbègbè yín, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó, tàbí BUND, wọ́n á sọ ẹni tó ń tọ́jú wọn fún yín. Òfin Jámánì àti ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kà á léèwọ̀ láti mú wọn, ẹni tó bá sì gbé wọn láìmọ̀ yóò ṣe ara rẹ̀ lóore bó bá tètè pè. Bí wọ́n bá ti wà nílé yín báyìí, ẹ fi wọ́n sínú páálí tó ní ihò atẹ́gùn níbi tó dákẹ́, kí àwọn ọmọ má gbé wọn mọ́ra, kẹ́ẹ sì pe àwọn tí mo dárúkọ yìí lónìí kí wọ́n lè sọ fún yín bóyá ó ṣì ṣeé ṣe láti dá wọn padà sọ́dọ̀ ìyá wọn.

Ẹ bá mi bá aládùúgbò yín náà sọ̀rọ̀. Kó jẹ́ kí dókítà ẹran ṣe ológbò rẹ̀ kó má lè bímọ mọ́, kó sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí àrùn tó ń pa ológbò ilé máa ń ran ti igbó. Bí àwọn ọmọ bá sì ya fọ́tò lọ́jọ́ yẹn, ẹ fi ránṣẹ́ sí BUND pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí wọn, kẹ́ẹ má ṣe gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àdírẹ́sì ibẹ̀ kí èrò má bàa wọ́ lọ síbẹ̀.